Nígbà Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó

Ènìyàn méjì ló máa ń wà nídìí ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó èrò. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì ni kápítéènì: òun ló ni àṣẹ, òun náà ni wọ́n á sì pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún ni igbákejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò ló rò pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni igbákejì yìí. Rárá o. Awakọ̀ tó gbàwé àṣẹ ni, ó lè gbé ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀, ó sì lè gbé e balẹ̀. Àwọn méjèèjì a tiẹ̀ máa pín iṣẹ́ wíwà láàárín ara wọn ni: bí kápítéènì bá wà á lọ, igbákejì lè wà á bọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sí lórí ìdarí nígbà náà ni yóò máa bá ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí yóò sì máa ṣọ́ ẹni tó ń wà á.

Ìṣọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo awakọ̀ òfuurufú tó ń kó èrò gbọ́dọ̀ gbà, tí wọ́n sì ń tún gbà lóòrèkóòrè títí tí wọ́n fi máa fẹ̀yìn tì. CRM ni wọ́n ń pè é. Kò kan ẹ́ńjìnnì, kò kan ojú ọjọ́. Ó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo gbogbo ọgbọ́n orí tó wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan: bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀gá á fi gbọ́, àti bí ọ̀gá ṣe ń ṣe tí ẹnu ọmọ iṣẹ́ á fi yá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn kápítéènì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìfanimọ́ra ni wọ́n fẹ́ rán àwọn lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún ènìyàn, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé àfojúdi ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Kùrukùru ní Tenerife

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bọ́ǹbù kan bú ní pápákọ̀ òfuurufú Gran Canaria, ní erékùṣù Canary tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Sípéènì. Wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ yà sí pápákọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Los Rodeos, ní Tenerife. Boeing 747 méjì wà lára wọn, ọ̀kan ti KLM, iléeṣẹ́ Netherlands, ìkejì ti Pan Am, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kún ibẹ̀ débi pé kò sí àyè lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lọ síbi ìgbéra. Ojú ọ̀nà ìgbéra fúnra rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní láti gbà. Kùrukùru sì bo ilẹ̀. KLM ti dé ìpẹ̀kun, ó ti yíjú padà, ó ti múra àtifò. Pan Am ṣì wà lójú ọ̀nà kan náà, níwájú rẹ̀, nínú kùrukùru.

Kápítéènì KLM, Jacob Veldhuyzen van Zanten, kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ ní 747 ní iléeṣẹ́ wọn, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń polówó ọjà. Òun gan-an ló dán igbákejì tó jókòó tì í wò ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, tó fọwọ́ sí i pé ó tó 747 wà. Ẹ fi ara yín sípò igbákejì náà: ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yín ló jókòó sọ́wọ́ òsì yìí.

Kápítéènì ń kánjú, nítorí wákàtí tí òfin ilẹ̀ wọn gbà fún òṣìṣẹ́ láti wà lẹ́nu iṣẹ́ ń tán lọ. Ó fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Igbákejì ní kó dúró, ilé ìṣọ́ kò tíì fún wọn láṣẹ. Ọ̀gá dá ọkọ̀ náà dúró, ó ní òun mọ̀, kó béèrè. Ilé ìṣọ́ dáhùn, ó sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà bí wọ́n bá ti gbéra tán, ṣùgbọ́n kò tíì ní kí wọ́n gbéra. Igbákejì ṣì ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ padà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá tún tú ọkọ̀ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, igbákejì kò ní kó dúró mọ́. Ó fi gbólóhùn kan tí kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé àwọn ti wà ní ìgbéra. Ilé ìṣọ́ rò pé wọ́n wà lójú ibi tí wọ́n ti máa gbéra ni, wọ́n sì ń dúró. Ilé ìṣọ́ ní kí wọ́n ṣì dúró. Ìgbà yẹn gan-an ni Pan Am ń sọ pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn lórí rédíò, ariwo lásán ni KLM gbọ́.

Ẹnì kan ló tún kù, nítorí ẹni mẹ́ta ló ń wà nídìí irú ọkọ̀ yẹn nígbà náà. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ náà gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Pan Am tó tẹ̀ lé e. Ó béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà ni. Ọ̀gá dá a lóhùn tagbáratagbára pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, ọkọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn. Gbogbo àwọn 248 tó wà nínú KLM ló kú. Nínú Pan Am, 335 kú, 61 yè. Títí di òní, kò sí ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú tó tíì pa tó bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ tó lè gba gbogbo wọn là wà lẹ́nu ẹnjiníà yẹn. Ìbéèrè ló fi sọ ọ́.

Epo tó tán ní Portland

Bí ti Tenerife bá dà bí ọ̀rọ̀ kùrukùru àti rédíò, ti Portland kò ní àwáwí kankan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, DC-8 kan tó jẹ́ ti United Airlines ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, ó dún gbì, iná tó yẹ kó fi hàn pé ẹsẹ̀ náà ti dúró dáadáa kò sì tàn. Kápítéènì ní kí wọ́n máa yí po lókè ná, kí wọ́n fi rí àyè wá ojútùú, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì múra àwọn èrò sílẹ̀. Ìpinnu tó dára ni. Ṣùgbọ́n wọ́n yí po fún nǹkan bíi wákàtí kan, ojú ọjọ́ sì dára, pápákọ̀ kò sì jìnnà.

Igbákejì mẹ́nu ba epo. Ẹnjiníà náà mẹ́nu bà á. Nígbà kan, ọ̀gá ní kí wọ́n ṣírò bí wọ́n bá tún lo ìṣẹ́jú 15 sí i. Ẹnjiníà sọ fún un pé ìṣẹ́jú 15 yóò jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ gan-an. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì sọ ọ́ síta. Síbẹ̀, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó sọ pé: ẹ jẹ́ ká lọ balẹ̀ báyìí, epo ń tán. Àwọn ẹ́ńjìnnì kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì já lu àwọn igi àti ilé ní ẹ̀bá ìlú. Nínú àwọn 189 tó wà níbẹ̀, 10 ló kú, ẹnjiníà náà wà lára wọn. Iná kò sọ, nítorí kò sí epo tí ìbá jó.

NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, kò fi ẹ̀bi náà mọ sórí kápítéènì nìkan. Wọ́n ní kò ka epo sí, kò sì fetí sí àwọn tó bá a wà; ṣùgbọ́n wọ́n tún ní àwọn méjì yòókù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí bó ṣe yẹ. Wọ́n dábàá pé kí wọ́n kọ́ àwọn kápítéènì bí a ṣe ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe é pọ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń fi ìgboyà sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1979, NASA pe ìpàdé lórí ọ̀ràn yìí ní San Francisco, níbẹ̀ ni orúkọ CRM ti jáde. Nígbà tó di 1981, United fúnra wọn, àwọn tí ọkọ̀ wọn já ní Portland, ni iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fi kọ́ gbogbo awakọ̀ wọn.

Bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń pànìyàn

Àwa Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òwe náà ń béèrè lọ́wọ́ olùgbọ́: ó gbọ́dọ̀ ní àyè nínú, ó gbọ́dọ̀ ní àkókò tó máa fi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí iná ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò tàn kò ní àyè yẹn. Bí ìdààmú bá bá ènìyàn, ọkàn rẹ̀ a máa há mọ́ ohun kan ṣoṣo. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá wọlé tọ̀ ọ́ nígbà náà, àbọ̀ náà ni yóò wà.

Àwọn onímọ̀ méjì, Ute Fischer àti Judith Orasanu, ṣèwádìí bí àwọn awakọ̀ ṣe ń sọ ohun kan náà. Wọ́n rí i pé àṣẹ ni kápítéènì sábà máa ń fi sọ ọ́. Igbákejì a máa dọ́gbọ́n sọ ọ́, a máa fi béèrè, a máa fi ṣe bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé òjò líle kan ṣú síwájú ọkọ̀. Bí igbákejì tó jẹ́ Yorùbá ṣe lè sọ ọ́ rèé, láti orí èyí tó rọ̀ jù dé èyí tó le jù:

«Sà, ojú ọ̀run iwájú yẹn ṣú o.»
«Sà, ibo lẹ rò pé ká yà sí?»
«Sà, ẹ jẹ́ ká yà sọ́wọ́ òsì.»
«Sà, ẹ yà sọ́wọ́ òsì báyìí, ọgbọ̀n dígírì.»

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wọn kà. «Sà» wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. «Ẹ» kò yí padà di «o» níbì kankan. Ohun tó yí padà ni iye òtítọ́ tó wà nínú gbólóhùn. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọ̀gá lè dáhùn pé «bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣú lóòótọ́», kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nínú èyí ìkẹrin, ó ní láti ṣe nǹkan kan: kó yà, tàbí kó sọ ìdí tí kò fi ní yà. Àwọn tó ń pe CRM ní àfojúdi ti kó ọ̀wọ̀ àti àbọ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà rárá.

Ẹ̀kọ́ náà wá ṣètò bí ohùn ṣe ń gòkè. Kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá gbọ́, sọ ewu tí o rí, kí o sì sọ ọ́ pẹ̀lú iye rẹ̀: epo tó kù kò ju báyìí lọ. Bí kò bá tún gbọ́, sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀mí ń bọ̀ wá bọ́, gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni pé bí o bá ké sí ẹni tó ń wakọ̀ lẹ́ẹ̀méjì lórí ewu tí kò sì fèsì, ìwọ ni ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, nítorí ó lè jẹ́ pé àìsàn ló gbé e dè. A kì í fo àtẹ̀gùn yìí láìnídìí, a kì í sì í dúró sórí ìkíní títí ọkọ̀ fi máa já.

Ẹni tó bá rò pé èyí ṣàjèjì sí wa, kó wo kọ̀ǹdọ́ dánfó. Dírẹ́bà ń fi ẹ̀yìn rìn jáde ní gáréèjì, kọ̀ǹdọ́ wà nílẹ̀, ó ń lu ara ọkọ̀: «Máa bọ̀, máa bọ̀... dúró! Dúró!» Dírẹ́bà tó lè jẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí tẹ búrẹ́kì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ kí òun, kò sì bínú bó bá yíjú padà tí kò rí nǹkan kan lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ojú kan kò tó ọkọ̀ yẹn.

Kí etí dá ohun tó gbọ́ padà

Apá kan nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju pé kí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tún un sọ, kí ẹni tó sọ ọ́ sì fetí sí i bóyá ó tọ̀nà. Ilé ìṣọ́ á sọ gíga tí ọkọ̀ máa wà, awakọ̀ á tún nọ́ńbà náà pè. Bó bá ṣì í, ilé ìṣọ́ á tún un ṣe. Lẹ́yìn Tenerife, wọ́n tún fi òfin de ọ̀rọ̀ «takeoff»: a kì í dárúkọ rẹ̀ lórí rédíò mọ́ àfi nígbà tí wọ́n bá ń fún ọkọ̀ láṣẹ gan-an láti gbéra, tàbí tí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà padà. «Mo ti gbọ́» nìkan kì í ṣe ìdáhùn.

Ọwọ́ ọ̀gá ló kù sí

Ohun tí mo rí pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa CRM máa ń fò dá nìyí. Wọ́n á gbé gbogbo ẹrù lé igbákejì lórí: kó nígboyà, kó lanu. NTSB tẹ ìwádìí kan jáde ní 1994 lórí ìjàm̀bá 37 tí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ fà láàárín 1978 sí 1990. Nínú èyí tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kápítéènì ni ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí. Kì í ṣe pé kápítéènì kò mọ ọkọ̀ wà. Bí igbákejì bá ń wà á, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni ọ̀gá, ọ̀gá kì í sì í bẹ̀rù àtibáni wí. Bí ọ̀gá bá ń wà á, ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ a sì máa wúwo. Ìṣọ́ náà ló fẹ́lẹ́.

Nítorí náà, kápítéènì ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Yóò pe àwọn tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, yóò sọ bí ìrìn-àjò náà ṣe máa rí, yóò sì sọ ọ́ síta pé bí ẹnikẹ́ni bá rí ohun tí kò tọ́, àní bó bá jẹ́ òun ló ṣe é, kó sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé, wọ́n á mọ̀. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀ràn bá dé, yóò béèrè kó tó sọ tirẹ̀, torí bí ọ̀gá bá ti sọ èrò rẹ̀ tán, ohun tó kù fún àwọn yòókù ni kí wọ́n máa gbè é. Nígbà tí àwọn ẹyẹ ba ẹ́ńjìnnì méjèèjì ọkọ̀ Chesley Sullenberger jẹ́ ní New York, ní oṣù kìíní ọdún 2009, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ péré ló ní kó tó gbé ọkọ̀ náà lé orí odò Hudson. Ó ṣì fi ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan níbẹ̀ béèrè lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀ bóyá ó ní èrò kankan. Igbákejì ní òun kò ní. Àwọn 155 tó wà nínú ọkọ̀ náà ló yè.

Ohun tí CRM kì í ṣe

Kì í ṣe ìdìbò. Kápítéènì ṣì ni ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yí padà ni iye ohun tó mọ̀ kó tó pinnu. Ní oṣù keje ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìdí ìrù DC-10 kan bú gbàmù lókè, àjákù rẹ̀ sì gé gbogbo páìpù tó ń mú kí ìyẹ́ àti ìrù ọkọ̀ ṣeé darí. Kò sí ìwé kankan tó sọ ohun tí awakọ̀ máa ṣe bí gbogbo rẹ̀ bá lọ tán. Al Haynes, kápítéènì náà, gbọ́ pé olùkọ́ awakọ̀ kan, Dennis Fitch, wà láàárín àwọn èrò. Ó ní kó máa bọ̀. Fitch kúnlẹ̀ sáàárín ìjókòó méjèèjì, ó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì méjì tó kù nìkan darí ọkọ̀, bí àwọn yòókù ṣe ń pè fún un. Wọ́n gbé e dé Sioux City. Ó fọ́ nígbà tó balẹ̀, ènìyàn 112 kú, ṣùgbọ́n 184 yè nínú ìjàm̀bá tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yè. Títí tó fi dolóògbé, Haynes ń sọ fún àwọn ènìyàn pé CRM ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ẹ kò lè sọ pé wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Kì í sì í ṣe oògùn fún àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nígbà tí ọkọ̀ Korean Air já ní Guam ní 1997, tó pa ènìyàn 228, ọ̀rọ̀ kan gbilẹ̀ pé àṣà ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ló fà á, àwọn kan lára wa sì tètè gbà á nítorí àwa náà ń dọ̀bálẹ̀. Ṣé àwọn ará Netherlands ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni? Ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní Portland ń kúnlẹ̀ kí kápítéènì wọn? Ẹ̀rù ipò ló wà níbẹ̀, kò sì sí ìlú tí ẹ̀rù ipò kò sí. Korean Air tún ẹ̀kọ́ wọn ṣe, wọ́n sì di ọ̀kan lára àwọn tí ayé ń gbẹ́kẹ̀ lé, láìjẹ́ pé àwọn ará Kòríà dẹ́kun àtimáa bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Láti ọkọ̀ dé yàrá iṣẹ́ abẹ

Àwọn dókítà yá ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kékeré kan jáde fún yàrá iṣẹ́ abẹ: kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ síta, wọ́n á sọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á sì sọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹni tó bá ti sọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn fún un láti tún lanu. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ káàkiri ayé, ọ̀kan wà ní Ifakara, ní Tanzania. Iye àwọn tó ń kú lọ sílẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà fi í ṣe dandan ní àwọn ilé ìwòsàn tó lé ní 100, ìwádìí tó jáde ní 2014 kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ó rọrùn láti fi bírò máàkì ìwé, kò rọrùn láti jẹ́ kí nọ́ọ̀sì dá dókítà dúró.

Èyí kan àwọn ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá tó ń sọ pé ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Bó bá sì béèrè ní ìpàdé pé «Ṣé ó yé gbogbo yín?», «Bẹ́ẹ̀ ni sà» ni yóò gbọ́. Ìbéèrè tí àwọn awakọ̀ ń kọ́ yàtọ̀: «Kí ló lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tí mi ò tíì rí?» Ìbéèrè yẹn gbà pé nǹkan kan wà tí ọ̀gá kò rí, ẹni tó bá dáhùn kò sì tako ẹnikẹ́ni.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ jù ni ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ pariwo ewu tó sì jẹ́ pé kò sí ewu. Òjò tó ní ó ń bọ̀ kò rọ̀. Owó tó ní ó dín, ó pé. Kápítéènì tó gba ẹ̀kọ́ yìí yóò ní «O ṣeun, jẹ́ ká wò ó», yóò wò ó lóòótọ́, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá pòṣé, igbákejì nìkan kọ́ ló gbọ́ ọ. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún èrò lẹ́yìn náà á gbọ́ nípa rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.